Láti Yábà dé Ìdí-Àràbà: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Dókítà Tí A Dì Pọ̀ Mọ́ra

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí ní Súrùlérè, ní Mushin àti ní Yábà máa ń bi ara wọn bí ọmọ wọn bá mọ̀wé: ṣé kí ọmọ náà ti ilé-ẹ̀kọ́ girama bọ́ sínú ẹ̀kọ́ dókítà tààrà, kí ó fi ọdún mẹ́fà so ara rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo, àbí kí ó kọ́kọ́ gba oyè sáyẹ́ǹsì, kí ojú rẹ̀ là sí i díẹ̀, kó tó yan iṣẹ́ ìṣègùn? Àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Amẹ́ríkà náà ń bi ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yàtọ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Níbẹ̀, àwọn yunifásítì kan máa ń gba ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama wọlé fún oyè méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, oyè àkọ́kọ́ àti oyè dókítà, àyè rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn á sì ti wà nílẹ̀ dè é. Iye ọdún ni wọ́n fi ń jiyàn nílé lóko. Ẹni tó fẹ́ kó yá á ní ọjọ́ orí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó fẹ́ kó pẹ́ á ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kò tíì mọ ohun tó ń tọrọ. Lójú tèmi, iye ọdún kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, ẹ̀rí rẹ̀ kò sì jìnnà sí wa. Ní òkè afárá níbí, ní Yábà, ni wọ́n ti dán irú dídìpọ̀ bẹ́ẹ̀ wò ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, tí ó sì dá ìjà sílẹ̀ débi pé ẹgbẹ́ òṣèlú ti ara rẹ̀ jáde.

Àwọn tó kọ́kọ́ di dókítà nínú àwọn ènìyàn wa kò mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀nà àbùjá. William Broughton Davies, ọmọ àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú tí wọ́n sì kó dé Sàró, àti James Africanus Horton, tí àwọn òbí tirẹ̀ jẹ́ Ìgbò, ti kàwé ní Fourah Bay kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó rán wọn lọ sí King's College ní Lọ́ńdọ̀nù. Davies gba oyè ní St Andrews ní 1858, Horton gba tirẹ̀ ní Edinburgh ní 1859. Nathaniel King kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Dókítà Harrison, òyìnbó oníṣègùn tí ìjọ CMS rán wá sí Abẹ́òkúta. Ó tún kàwé ní Fourah Bay àti ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó gboyè ní Aberdeen. Obadiah Johnson àti John Randle gba Edinburgh kọjá. Ohun tí ẹ̀kọ́ gígùn yìí ṣe fún wọn hàn nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ní 1868, Horton tẹ ìwé jáde lórí bí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe lè ṣàkóso ara wọn, nígbà tó ṣì jẹ́ dókítà ológun. Nígbà tí ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ sọnù, tí òun fúnra rẹ̀ sì kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ dókítà, Obadiah, ló jókòó ti àkọsílẹ̀ tó kù, tó tún un tò, ìwé náà sì jáde ní 1921. Ẹni tí kò kọ́ ju egungun àti iṣan lọ kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìwé ẹ̀rí tó dọ́gba kò mú kí wọ́n bá òyìnbó dọ́gba. Ní 1902, nígbà tí ìjọba kó àwọn dókítà rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ sí abẹ́ ẹgbẹ́ kan, wọ́n là á sílẹ̀ pé òyìnbó nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló ṣàlàyé ìdí tí inú fi bí àwọn ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ Yábà délẹ̀.

Ibi tí wọ́n fi ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn náà sí, ìyẹn Yábà, kò ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀. Ìṣègùn òyìnbó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní àdúgbò yìí. Ní 1907 ni wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ, èyí tí gbogbo Èkó ń pè ní Yábà Left títí dòní, tí a sì fi ń ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá gún yẹ̀yẹ́. Láti 1925 ni àwọn onímọ̀ tí àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà rán wá ti ń ṣe ìwádìí ibà pọ́njú ní Yábà. Adrian Stokes tó wà lára wọn kó àrùn náà, ó sì kú ní 1927. Àrùn tí eku ń tàn kálẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ó sì ń jà títí di 1930. Òun ló jẹ́ kí ìjọba dá àjọ LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti wó àwọn ilé tó há mọ́ra ní erékùṣù, kí wọ́n sì la àdúgbò tuntun sí Yábà. Dókítà Isaac Ladipo Oluwole, tó gboyè ní Glasgow ní 1918, ló ṣáájú iṣẹ́ ìmọ́tótó ìlú náà, Yábà sì ni ilé-ẹ̀kọ́ tó dá sílẹ̀ fún àwọn wolé-wolé wà. Nígbà tí ìjọba wá sọ ní 1930 pé àwọn fẹ́ máa kọ́ ọmọ ilẹ̀ yìí ní ìṣègùn nílé, kò sí ibòmíràn tí ojú kọ́kọ́ máa lọ.

Ète ìjọba kò fara sin. Owó ti dín kù nínú àpò ìjọba nítorí ọjà àgbáyé tó dẹnu kọlẹ̀, dókítà òyìnbó wọ́n, àìsàn sì pọ̀. Wọ́n fẹ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ tí yóò máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ òyìnbó, tí owó oṣù wọn kò ní pọ̀. Eric Hussey, ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, tún mú èrò ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan, Higher College, wá. Ní King's College ní erékùṣù ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láti 1932, kí wọ́n tó ṣí ilé tirẹ̀ ní Yábà ní ọjọ́ 19 oṣù January 1934. Báyìí ni ọ̀nà méjì ṣe di ọ̀kan. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe dókítà á ti ilé-ẹ̀kọ́ girama wọ Higher College, á kọ́ ìmọ̀ físíìsì, kẹ́mísírì àti bàọ́lọ́jì, lẹ́yìn náà á wá kọjá sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn láti kọ́ nípa ara ènìyàn àti ìtọ́jú aláìsàn. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ àti ẹ̀kọ́ ìṣègùn wá wà nínú àpò kan náà, lábẹ́ ìjọba kan náà, wọ́n sì ti la iṣẹ́ tí ọmọ náà yóò ṣe sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wọlé.

Bí a bá fi ojú iye ọdún wò ó, kò burú rárá. Ọdún tí wọ́n ń lò kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí ti àwọn tó ń lọ Edinburgh, ọmọ náà kò ní kó owó ìdílé wọ ọkọ̀ ojú omi, òtútù kò ní pa á. Ibi tó ti burú ni inú ìwé tó ń bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tó ṣe ní Higher College kò ní oyè tirẹ̀. Ẹni tí kò bá lè parí ìṣègùn á jáde pẹ̀lú ìmọ̀ nínú orí, kò sì ní ohun tó lè gbé síwájú agbanisíṣẹ́ pé oyè rẹ̀ rèé. Ẹni tó bá parí, dípílómà Nàìjíríà ni wọ́n á fún un, Ìgbìmọ̀ Ìṣègùn Bìrìtéènì kò sì mọ̀ ọ́n sí ìwé dókítà. Orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ju igbákejì dókítà ìjọba lọ, owó oṣù rẹ̀ sì kéré sí ti òyìnbó tó ń bá ṣiṣẹ́ nínú wọ́ọ̀dù kan náà. Bó bá kọ iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, tó dé Accra tàbí Liverpool, ìwé rẹ̀ kò ní bá a débẹ̀. Ọkọ̀ tó gbé èrò ní Yábà, tí kò sì ní ibi kankan tí èrò ti lè sọ̀ kó tó dé òpin ọ̀nà, ni ètò náà. Òpin ọ̀nà ọ̀hún kò sì jìnnà.

Kò yani lẹ́nu pé Èkó kò gbà. Ìpàdé wáyé ní Glover Hall, àwọn ìwé ìròyìn kọ̀wé, ní 1934 yẹn gan-an sì ni àwọn kan kó ara wọn jọ dá ẹgbẹ́ Lagos Youth Movement sílẹ̀, tí wọ́n sọ di Nigerian Youth Movement ní 1936. Dókítà James Churchill Vaughan ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ernest Ikoli, Samuel Akinsanya àti H. O. Davies wà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí Vaughan kú ní 1937, dókítà mìíràn, Kofoworola Abayomi, ló bọ́ sí ipò rẹ̀. Bí àwọn ọmọ kan bá ń ka ìtàn òmìnira Nàìjíríà, wọ́n á rò pé ọ̀rọ̀ owó orí tàbí ọ̀rọ̀ ìdìbò ló bí gbogbo rẹ̀. Ohun tó bí ẹgbẹ́ yìí ni pé ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yábà kò tó.

Ẹnìkan lè sọ pé ìmọtara-ẹni-nìkan ló wà nídìí ariwo náà. Glasgow ni Vaughan ti gboyè, Edinburgh ni ti Abayomi. Àwọn tó ní oyè ìlú òyìnbó ló ń bínú pé wọ́n fẹ́ sọ iṣẹ́ wọn di ti gbogbo ènìyàn. Mi ò lè sọ pé kò sí òtítọ́ kankan nínú rẹ̀. Dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ ní erékùṣù kò ní fẹ́ kí àwọn tó ń gba owó díẹ̀ pọ̀ ní àdúgbò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n béèrè ni kí á wò. Wọn kò ní kí wọ́n ti Yábà pa. Wọn kò ní kí wọ́n mú ọdún ibẹ̀ gùn sí i. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé bí ọmọ wa yóò bá fi ọdún tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kọ́ṣẹ́, kí wọ́n fún un ní oyè tó dọ́gba pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń fún ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó ń dáàbò bo ọjà ara rẹ̀ nìkan kì í bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn tó ń bá a du ọjà di ẹgbẹ́ òun.

Nǹkan kan náà ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Faransé. Ní 1918, wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn sí Dakar fún gbogbo agbègbè wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ilé-ẹ̀kọ́ William Ponty ni ọ̀pọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá. Àwọn tó bá jáde ń jẹ́ dókítà Áfíríkà, orúkọ tó fi hàn pé wọn kì í ṣe dókítà lójú Paris. Félix Houphouët-Boigny jáde níbẹ̀ ní 1925, ó ṣiṣẹ́ ìṣègùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, lẹ́yìn náà ó di ààrẹ Ivory Coast. Émile Derlin Zinsou ọmọ Ouidah náà gba ibẹ̀ kọjá, ó sì di ààrẹ Dàhòmì ní 1968. Ó wù mí kí n sọ pé òṣèlú ló pe irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ fì sí apá kejì: ọkùnrin tó jẹ́ ọlọ́pọlọ pípé, tí wọ́n sì ti fi ààlà sí bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe lè ga tó, kò ní ṣàìwá ọ̀nà mìíràn gòkè.

Àtakò tó lágbára jù ni ti ẹni tó bá sọ pé, láìka gbogbo èyí sí, àwọn dókítà Yábà mọṣẹ́. Òtítọ́ ni. Àwọn ni wọ́n ń rán lọ sí ilé ìwòsàn ìlú kéékèèké tí òyìnbó kò fẹ́ lọ, àwọn ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ ní ibi tí kò sí iná mànàmáná. Theophilus Oladipo Ogunlesi, ọmọ Ṣágámù, Yábà ló ti kọ́ ìṣègùn. Òun náà ló wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó kú ní 2023. Ṣé ẹ̀kọ́ tó bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ bú? Rárá. Ohun tí ìgbésí ayé rẹ̀ àti ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ni pé ẹ̀kọ́ náà dára ju ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú wọn, òun náà pẹ̀lú, ló tún kọjá sí Ìlú Ọba láti lọ gba ìwé tí ayé mọ̀. Ọdún tí wọ́n rò pé àwọn fi dídìpọ̀ jèrè nílé, wọ́n tún lọ san án pa dà lókè òkun, nígbà tí wọ́n ti ní aya àti ọmọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé iye ọdún kọ́. Ọ̀nà tó dà bí ẹni pé ó kúrú, tí ìwé rẹ̀ kò tó, gùn ju ọ̀nà gígùn lọ nígbẹ̀yìn.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ Elliot tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1943 láti wo ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní àwọn ọmọ Áfíríkà mẹ́ta nínú, Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìròyìn wọn jáde ní 1945. Ní 1948 ni University College bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Higher College tí wọ́n kó láti Yábà lọ, mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún, ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yábà pa, ilẹ̀ Higher College sì di ti ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí a ń pè ní Yabatech lónìí. Oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni Ìbàdàn ń fún ni, nítorí náà dókítà Ìbàdàn kò ní ohun tó ń tì í lójú níbikíbi. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye tó ná wọn: níwọ̀n bí ilé ìwòsàn tó péye kò ti sí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àkọ́kọ́ ní láti lọ parí ẹ̀kọ́ wọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìgbà tí wọ́n ṣí ilé ìwòsàn UCH ní 1957 ni ọ̀nà là, àwọn àkọ́kọ́ tó ṣe gbogbo rẹ̀ nílé sì jáde ní 1960. Ìwé tó wúwo kì í dé lọ́fẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn òmìnira ni ọ̀rọ̀ náà pa dà sí òkè afárá. Ní oṣù October 1962, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ ní Ìdí-Àràbà, níbi tí Mushin àti Súrùlérè ti pàdé, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Horatio Oritsejolomi Thomas, oníṣẹ́ abẹ, ló kọ́kọ́ ṣe olórí rẹ̀. Oyè ti Èkó fúnra rẹ̀ ni wọ́n ṣètò láti máa fún wọn, kì í ṣe ti Lọ́ńdọ̀nù. Èyí kò dá ariwo Glover Hall sílẹ̀ mọ́, nítorí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ilé ìwòsàn ńlá, LUTH, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn olùkọ́ rẹ̀ jẹ́ ẹni tí ayé mọ̀, wọ́n sì ń pe àwọn olùdánwò láti ibòmíràn. Ohun kejì tó dára nígbà náà, tí a kì í sábà rántí, ni HSC. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe ìṣègùn á kọ́kọ́ lo ọdún méjì sí i ní King's College tàbí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn tó bá ní in, á ṣe ìdánwò, á gba ìwé ẹ̀rí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tàbí ogún ló ń dé Ìdí-Àràbà, ìwé HSC sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè fi ṣiṣẹ́ ní báńkì tàbí ní ilé iṣẹ́ ìjọba bí ìṣègùn kò bá bá a lára mu.

Ìyẹn ni wọ́n gbé sọnù nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ yí pa dà. Wọ́n dá JAMB, àjọ ìgbaniwọlé sí yunifásítì, sílẹ̀ ní 1978, ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, HSC sì pòórá díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kó wọ inú yunifásítì, ìṣègùn wá di ọdún mẹ́fà. Ní Yunifásítì Èkó lónìí, ọdún àkọ́kọ́ wà ní Akọkà, ẹni tí máàkì rẹ̀ bá tó ló ń kọjá sí Ìdí-Àràbà fún ọdún márùn-ún tó kù. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tàbí mẹ́tàdínlógún ló ń wọlé, kò sì ní ìwé kankan lọ́wọ́ ju ti girama lọ. Bó bá fìdí rẹmi ní ìdánwò MB àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n fi ń ṣe anátómì, fisiọ́lọ́jì àti bàókẹ́mísírì, ọdún mẹ́ta ti lọ, kò sì sí oyè tó lè tọ́ka sí. Mo mọ̀ pé yóò dun àwọn kan, ṣùgbọ́n ní apá yìí, a ti pa dà sí Yábà ti 1934. Ìyàtọ̀ kan tó wà ni pé oyè dókítà MBBS tó wà ní òpin ọ̀nà wúwo.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà mọ̀. Ìdí nìyẹn tí Ìbàdàn àti Ìdí-Àràbà fi ní ètò tó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti yege MB àkọ́kọ́ dúró díẹ̀, kó gba B.Sc. nínú ọ̀kan lára àwọn ìmọ̀ wọ̀nyẹn, kó tó tẹ̀síwájú nínú wọ́ọ̀dù. Oyè méjì tó dì pọ̀ nìyẹn, tí èyí àkọ́kọ́ sì lè dá dúró fúnra rẹ̀. Àmọ́ ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló ń bá a lọ. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ti mú kí ọdún mẹ́fà di méje tàbí mẹ́jọ fún ọ̀pọ̀. Ti 2020 gba oṣù mẹ́sàn-án, ti 2022 gba oṣù mẹ́jọ. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ ọdún kan ní ilé ìwòsàn wà níwájú, àgùnbánirọ̀ wà níwájú, ẹ̀kọ́ àgbà dókítà sì tún wà lẹ́yìn ìyẹn. Ta ló fẹ́ fi kún un?

Amẹ́ríkà gba òdìkejì ọ̀nà wa dé ibì kan náà. Lẹ́yìn ìròyìn tí Abraham Flexner kọ ní 1910, tó tú àṣírí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí kò dáa, wọ́n mú un le débi pé ènìyàn á kọ́kọ́ lo ọdún mẹ́rin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kó tó lo mẹ́rin mìíràn ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ó gùn jù. Ní 1961, Northwestern àti Yunifásítì Boston bẹ̀rẹ̀ sí í di méjèèjì pọ̀, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé wọn. Àwa ń wá bí a ó ṣe fi oyè àkọ́kọ́ kún ìṣègùn, àwọn ń wá bí wọ́n ó ṣe gé e kúrú. Òbí Yorùbá ní Houston tàbí Maryland tí ọmọ rẹ̀ rí irú àyè bẹ́ẹ̀ gbà máa ń dúpẹ́, ó sì yẹ kó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kó béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa fi oyè àkọ́kọ́ lé ọmọ náà lọ́wọ́. Ní àwọn ètò kan, oyè náà ti dé kó tó wọ ìṣègùn. Ní àwọn mìíràn tó yára jù, ẹ̀kọ́ ọdún àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni wọ́n fi ń parí rẹ̀, ẹni tó bá sì yí ọkàn pa dà kó tó débẹ̀ á rí i pé òun kò tíì gba nǹkan kan. Àwọn méjèèjì ń jẹ́ orúkọ kan náà nínú ìwé ìpolówó.

Àwọn kan á ní orílẹ̀-èdè nílò dókítà kíákíá, àti pé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ oyè méjì ń sọ̀rọ̀ olówó. Ọ̀rọ̀ tí ìjọba sọ ní 1930 gan-an nìyẹn, ó sì ní èsì tó dára ju gígé ẹ̀kọ́ dókítà kúrú lọ. Olikoye Ransome-Kuti, ọmọ àlùfáà tó wà nínú ìgbìmọ̀ Elliot, di ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn ọmọdé ní Ìdí-Àràbà. Ní ilé ìwòsàn Gbájà ní Súrùlérè, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi hàn pé nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀kọ́ tó yẹ lè tọ́jú púpọ̀ nínú àìsàn tí àwọn ìyá ń gbé ọmọ wá fún, kí dókítà wá dojú kọ èyí tó le. Nígbà tó di mínísítà ìlera ní 1985, ó gbé èrò náà lọ sí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀. Wọn kò sọ nọ́ọ̀sì Gbájà di ìdajì dókítà. Nọ́ọ̀sì ni, ìwé nọ́ọ̀sì rẹ̀ sì pé. Ní ti owó, òtítọ́ ni pé ẹni tó kọ́kọ́ ṣe B.Sc. ọdún mẹ́rin, tó wá fi í wọ ọdún kejì ìṣègùn, á lo ọdún mẹ́sàn-án kó tó jáde, bí ìyanṣẹ́lódì kò bá sí. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Mushin kò lè gbé e. Mi ò sì ní sọ pé kí wọ́n gbé e. Bí ọmọ bá dá ara rẹ̀ lójú, tó sì rí àyè gbà, kó wọlé tààrà.

Ìdájọ́ mi ni pé dídìpọ̀ kò ní ẹ̀bi. Ẹni tó bá ń gbèrò rẹ̀ fún ara rẹ̀ tàbí fún ọmọ rẹ̀, kó fi iye ọdún sí ẹ̀gbẹ́ kan ná, kó lọ bi ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ìbéèrè méjì tí ìtàn Yábà ti 1934 kọ́ wa. Kí ni wọ́n á fún ẹni tó bá dúró lágbede méjì? Ibo ni ìwé ìkẹyìn rẹ̀ lè dé? Kó béèrè pé kí wọ́n fi èsì méjèèjì sínú ìwé, kó kà á, kó tó san owó àkọ́kọ́.